Àtẹ̀gùn Méjìdínláàádọ́jọ

Ilé wa wà lórí òkè ní Valparaíso,
àtẹ̀gùn méjìdínláàádọ́jọ láti etí òkun dé ẹnu ọ̀nà.
Mo mọ iye rẹ̀ dájú
nítorí lóṣù tí mo bí ọ, Eloísa,
kò sí ohun mìíràn tí mo rí kà.

Ìgbà kónílé-ó-gbélé ni.
Ìlú pa rọ́rọ́, ajá nìkan ló ń rìn bí ẹni tó ni títì.
Mo rọbí pẹ̀lú ìbòmú lẹ́nu,
èémí mi ń padà bá mi, gbígbóná, bí èémí ẹlòmíràn.
Agbẹ̀bí wọ aṣọ látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀,
ojú rẹ̀ méjèèjì nìkan ni mo rí.
Bàbá rẹ wà nínú ọkọ̀ ẹja
tí èbúté kankan kò gbà kó gúnlẹ̀.
Ó rí ọ nínú fóònù, ó ní, "Ó jọ ìyá mi,"
íńtánẹ́ẹ̀tì já.

Wọ́n ní kí n máa dúpẹ́,
wọ́n ní a gbóhùn ìyá, a gbóhùn ọmọ.
Ohùn ọmọ ni wọ́n gbọ́.
Èmi kò sọ̀rọ̀.

Mò ń fi ọṣẹ fọ ọsàn wẹ́wẹ́, mo fọ kọ́kọ́rọ́, mo fọ owó ẹyọ,
mo fọ ọwọ́ títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi là bí ilẹ̀ ọ̀dá.
Bí o bá sùn, mo máa ń gbé dígí sí ọ nímú
kí n lè rí i bóyá ìrì yóò bò ó.
Bó bá bò ó, mo nù ún, mo tún gbé e padà.
Ọmú mi kún, ó ń ro mí.
Mo gbé ọ sáyà, mo sì ń retí ohun tí wọ́n ní yóò dé.
Kò dé.

Ìyá bàbá rẹ, Ormesinda, ń wá ní gbogbo Ọjọ́rú
pẹ̀lú ìwé àṣẹ wákàtí mẹ́ta.
Á dúró ní àtẹ̀gùn kẹtàdínlógún sí ilẹ̀kùn,
á gbé ìkòkò ẹ̀wà kalẹ̀, á na apá méjèèjì,
á máa rẹ afẹ́fẹ́ lẹ́kún.
"Ṣé ó ń mu ọmú dáadáa?"
Mo gbé ọ sókè lójú fèrèsé bí ìwé ẹ̀rí.
"Ó ń mu."
Ajá àdúgbò ló jẹ ẹ̀wà náà.

Lọ́jọ́ kan kùrukùru bo òkè,
n kò rí àtẹ̀gùn kankan mọ́ lẹ́yìn ìkẹta.
Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà láìwọ bàtà, ìwọ lọ́wọ́ mi,
mo rò ó pé bí mo bá kàn ń rìn lọ,
ta ni yóò mọ̀?
Ẹ̀rù ara mi wá ń bà mí.

Fóònù dún. Zunilda ni, agbẹ̀bí olójú méjì yẹn.
Ó béèrè ìwọ̀n rẹ, ó béèrè ìdodo rẹ,
ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní,
"Yasna, ìwọ ńkọ́?"
Ẹnikẹ́ni kò bi mí bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ ìkúnlẹ̀.
Mo lanu láti sọ pé dáadáa ni,
ẹkún ló jáde.
Kò ní kí n má sunkún.
Ó ní, "Jókòó síbi tí o wà. Mò ń gbọ́."
Òkúta àtẹ̀gùn tutù nini.
Ó ní àìsàn ni, kì í ṣe ìwà,
obìnrin mẹ́fà ti sọ irú rẹ̀ fún òun lọ́sẹ̀ yẹn
lórí àwọn òkè wọ̀nyí,
olúkúlùkù rò pé òun nìkan ni.

N kò lè sọ pé ọjọ́ náà ni ara mi yá.
Oògùn wà, dọ́kítà inú fóònù wà, ọjọ́ burúkú tún wà.
Mo sọ fún Ormesinda. Kò sá lọ.
Ó jókòó sí àtẹ̀gùn kẹtàdínlógún, ó ń hun ìbọ̀sẹ̀,
ó sọ bí òun ṣe tẹ́ bàbá rẹ sínú àpótí nígbà kan
tí òun jáde lọ wo òkun títí ilẹ̀ fi ṣú.
Ọdún mọ́kànlélógójì, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo jí, oòrùn ti wọlé.
Dígí wà lórí tábìlì, n kò ì tíì fọwọ́ kàn án.
O ti jí ṣáájú mi, o dákẹ́, o ń wò mí
bí ẹni tó ti ń dúró dè mí tipẹ́.